Bí Ẹ̀jẹ̀ Kò Bá Tó, Ẹ Wá Ibi Tí Ó Ti Ń Jò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kòkó, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni a sábà máa ń bá yín sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ara ẹni tí ó di ọkọ́ mú ni a fẹ́ sọ, nítorí ọkọ́ kì í dá oko ro.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin yìí a máa kọ igba ebè lóòjọ́. Nísinsìnyí, bí ó bá kọ ogún, yóò jókòó. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, òòyì ń kọ́ ọ, bí ó bá gun òkè díẹ̀, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Òun fúnra rẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò mẹ́ta. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, kò pẹ́, ó tún padà síbi tí ó wà. Kí ló dé? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dí ibi tí ó ti ń jò. Ẹni tí ń pọn omi sínú ìkòkò tí ó lu, òùngbẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

IṢẸ́ IRIN LÁRA

Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Irin kan náà tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá ni, ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni ara ti ń rí tirẹ̀. Òun ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí gbogbo ara. Gbogbo irin tí ó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 lọ, kò wúwo tó ìṣó kan tí a fi ń kan páànù. Bí ó bá dín kù, agbára á dín kù.

Àmì rẹ̀ ni kí ó máa rẹ ènìyàn láìnídìí, òòyì, orí fífọ́, kí àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ funfun, àti kí ó máa wu ènìyàn láti jẹ amọ̀, ẹfun tàbí omi dídì. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí èròjà pupa inú rẹ̀ tó gíráàmù 13 fún ọkùnrin, 12 fún obìnrin tí kò lóyún, àti 11 fún aláboyún. Àyẹ̀wò ṣe pàtàkì, nítorí ibà àti àrùn foníkú-fọ̀lá-dìde náà ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dín, oògùn irin kì í sì í wo àwọn wọ̀nyẹn.

NÍBO NI Ó TI Ń JÒ?

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàrin àwa àgbẹ̀.

Èkíní ni aràn. Aràn kékeré kan wà tí kò gùn ju èékánná ìka ọwọ́ lọ. Bí ẹni tí ó ní in bá yàgbẹ́ sídìí kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí òjìji sì wà, ẹyin aràn náà á pa, ọmọ rẹ̀ á sì máa dúró de ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà. Ó gba inú awọ ẹsẹ̀ wọlé, ó sì dé ìfun, ibẹ̀ ni ó gbé ń kán ẹran ìfun jẹ tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni ẹyọ kan ń mu lóòjọ́, ṣùgbọ́n ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì lè wà nínú ẹnì kan. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ń fa ẹ̀jẹ̀ mu wà lóòótọ́, kì í sì í ṣe aládùúgbò!

Èkejì ni ọgbẹ́ inú. Oògùn ara ríro bíi aspirin, ibuprofen àti diclofenac, bí a bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ó lè dá ọgbẹ́ sí agbẹ̀du, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò nínú láìhàn síta. Ẹni tí kò lo oògùn irin tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó má ṣe sùn lé e, ilé ìwòsàn yá.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ìyá wa: nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù, àti oyún. Aláboyún nílò irin tó nǹkan bíi mílígíráàmù 1,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di ìgbà ìbímọ. Ẹ̀yin baálé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin tí ara rẹ̀ le lè pàdánù nígbà ìbímọ tí yóò sì dìde, ó lè gba ẹ̀mí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá aláboyún dúró lóko lọ́jọ́ tí ó yẹ kí ó lọ fún àyẹ̀wò.

ÌTỌ́JÚ

Bí aràn bá ni, albendazole mílígíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sábà máa ń fún àgbàlagbà. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Oògùn irin tí ó wọ́pọ̀ ni hóró ferrous sulphate mílígíráàmù 200, irin inú ọ̀kan sì tó mílígíráàmù 65. Ẹ lò ó bí nọ́ọ̀sì bá ti sọ. Omi ọsàn ni ẹ fi gbé e mì, kì í ṣe tíì. Bí ó bá ń rin yín, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Yóò sọ ìgbẹ́ di dúdú, kì í ṣe ewu. Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù ni pé, bí ara bá ti yá, a ó ju oògùn nù. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé, ẹ tún lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí irin lè wọ inú àká ara. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, nítorí ó lè pa ọmọ tí ó bá kó o mì.

Ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

OÚNJẸ

Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja àti ìgbín ń fún ara ní irin tí ó tètè ń gbà. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà ní in, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gba tiwọn, àfi bí a bá fi ọsàn tàbí gúáfà tẹ̀ lé e, tàbí tí ẹja díẹ̀ bá wà nínú ọbẹ̀. Ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, ògì nìkan kò tó o. Ẹ po ẹ̀wà lílọ̀ tàbí ẹja mọ́ ọn. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí a ń pò pọ̀ kì í di ẹ̀jẹ̀. Mílíìkì gan-an kì í jẹ́ kí ara gba irin dáadáa. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó pọ́n ni ẹ̀jẹ̀.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Ẹni kan kò lè dá aràn lé kúrò ní abà. Bí ẹ bá lo oògùn lónìí, tí ìgbẹ́ ṣì wà nílẹ̀ oko, ẹ ó tún kó o. Nípàdé yín tí ń bọ̀, ẹ jíròrò nǹkan mẹ́ta: kí ẹ gbẹ́ ṣálángá sí abà, kí olúkúlùkù ní bàtà oko, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ìlera wá yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà. Owó rẹ̀ kò ní tó owó iṣẹ́ tí àárẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín.