Ìbọn Inú Ilé àti Ọmọ Ilé Ìwé
Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀ka Amẹ́ríkà sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún

Láti ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń mú wá síwájú yín: omi ẹ̀rọ, òrùlé ilé ìwé, ọ̀nà tí ó wọ ọjà. Ní ọdún yìí, ẹ̀yin òbí tí ó wà nílé ni ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ẹ ní kí ni ẹ ń gbọ́ yìí, pé ọmọ ilé ìwé ní ọ̀dọ̀ wa a máa yìnbọn pa ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ni ó fà á, àti pé kí ni àwa ń ṣe sí i nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ń lọ sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Nígbà tí a bá sọ nílé pé wọ́n kọlu ilé ìwé, ohun tí ó ń wá sí wa lọ́kàn ni irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Chibok ní 2014, nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ kó ọmọbìnrin 276 lọ lóru. Àjèjì ni àwọn wọ̀nyẹn, láti inú igbó ni wọ́n sì ti wá. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ ilé ìwé náà gan-an ni ẹni tí ó yìnbọn, tàbí ẹni tí ó ti kàwé níbẹ̀ rí. Ó mọ orúkọ olùkọ́, ó mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, ó mọ wákàtí tí àwọn ọmọ ń jẹun. Àwọn baba wa ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì bá ohunkóhun mu tó bí ó ti bá ọ̀ràn yìí mu.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 1999, ní ilé ìwé Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado, àwọn ọmọ ilé ìwé méjì pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti olùkọ́ kan, wọ́n sì pa ara wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2012, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sandy Hook ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún kan pa ọmọdé 20, tí kò sí èyí tí ó ju ọmọ ọdún méje lọ nínú wọn, àti àgbàlagbà mẹ́fà. Ní 2018, ènìyàn 17 kú ní Parkland ní Florida ní oṣù Kejì, mẹ́wàá sì kú ní oṣù Karùn-ún ní Santa Fe ní Texas, ibi tí kò jìnnà sí Houston tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Ní 2022, ọmọdé 19 àti olùkọ́ méjì kú ní Uvalde, ní Texas kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ọmọ ọdún 14 kan pa akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti olùkọ́ méjì ní ilé ìwé Apalachee ní Georgia. A kò dárúkọ ẹnì kankan nínú àwọn tí ó yìnbọn, a kò sì ní í dárúkọ wọn. Àwọn tí ó ń dìde lẹ́yìn wọn a máa ka ìtàn wọn bí ẹni ń ka ìtàn akọni, àwọn ti Columbine ni ọ̀pọ̀ sì fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Síbẹ̀, kí ẹ má ṣe rò pé gbogbo ilé ìwé ni ó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ni yóò kàwé tán láì gbọ́ ìró ìbọn. Ní 2020 ni ìbọn di ohun tí ó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà jù, ó ju jàǹbá ọkọ̀ lọ, ó ju àìsàn lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé àti ojú títì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikú wọ̀nyí ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ilé ìwé, àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn kò sì kéré níye. A sọ èyí nítorí pé ìbọn kan náà ni. Èyí tí ó wà nínú àpótí aṣọ bàbá ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Níbo ni ọmọ ọdún 14 ti rí ìbọn? Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi wa jù nìyí, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Lẹ́yìn Columbine, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Secret Service, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dáàbò bo Ààrẹ, bá ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbé e jáde ní 2002. Wọ́n yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ 37 wò, láti 1974 sí 2000, èyí tí ọwọ́ ọmọ 41 wà nínú rẹ̀. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà tí ó jẹ́ pé ilé ọmọ fúnra rẹ̀ tàbí ilé ìbátan rẹ̀ ni ó ti mú ìbọn. Ti Sandy Hook, ìbọn ìyá ni. Ìyá náà gan-an ni ó sì kọ́kọ́ fi pa. Ti Santa Fe, ìbọn bàbá ni. Ní 2018, àwọn tí ó ń ṣírò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ará ìlú ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 393, èyí tí ó ju iye ènìyàn orílẹ̀-èdè náà lọ.

Àwọn kan ní sinimá ni, àwọn kan ní eré orí kọ̀ǹpútà ni, àwọn mìíràn ní nítorí pé wọn kò gbàdúrà ní ilé ìwé mọ́ ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Japan ń wo sinimá kan náà, wọ́n ń ṣe eré kan náà, ìbọn ni kò sí nínú yàrá bàbá wọn. Ní oṣù Kẹta 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé ní Dunblane ní Scotland, ó pa ọmọdé 16 àti olùkọ́ wọn. Kí 1997 tó parí, ìjọba ibẹ̀ ti fi òfin gba ìbọn kékeré àfọwọ́mú lọ́wọ́ ará ìlú. Irú rẹ̀ kò tún ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé kankan ní Britain láti ìgbà náà. Amẹ́ríkà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíákíá, nítorí pé ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn wà nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn láti 1791, ẹjọ́ lórí rẹ̀ kò sì tán. Àwọn tí ó ti gba ìwé ọmọ ìlú níbẹ̀ nínú wa ní ìbò, kí wọ́n lò ó bí ọkàn wọn ti sọ. Ẹgbẹ́ ìlú ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìbọn nìkan kọ́ o. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ìbọn tí ọmọ wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ìwádìí ti 2002 yẹn sọ pé kò sí àmì kan tí a fi lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀: òmíràn mọ̀wé, òmíràn kò mọ̀wé; òmíràn ní ọ̀rẹ́, òmíràn dá wà. Ṣùgbọ́n nínú 100, ó tó 71 tí àwọn ẹlòmíràn ti fìyà jẹ tàbí fi ṣẹ̀sín títí ó fi di egbò lọ́kàn wọn. 78 sì ti ronú láti pa ara wọn tàbí ti gbìyànjú rẹ̀. Ọmọ tí ayé ti sú ni. Ohun tí ó sì yà wá lẹ́nu jù nìyí: nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 100, ó tó 81 tí ó jẹ́ pé, kí ó tó ṣẹlẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan ti gbọ́ ohun tí ọmọ náà fẹ́ ṣe. Ọ̀rẹ́ ni, tàbí ọmọ kíláàsì kan náà, tàbí àbúrò. Wọ́n gbọ́, wọn kò sì sọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti Oxford ní ìpínlẹ̀ Michigan fún yín, nítorí òun ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kọkànlá 2021, bàbá kan ra ìbọn kan tí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15, ń fẹ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí olùkọ́ rí ìwé ìṣirò ọmọ náà. Ó ya ìbọn sí i, ó ya ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Ilé ìwé ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n wá. Wọ́n sọ fún wọn pé ọmọ yìí nílò ìtọ́jú ọkàn ní kíákíá. Àwọn òbí kò mú un lọ sílé, wọn kò sì sọ pé ìbọn wà nílé. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé náà kò tú àpò rẹ̀ wò. Inú àpò náà sì ni ìbọn wà. Wọ́n dá a padà sí kíláàsì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ mẹ́rin kú. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọmọ náà ní 2023, ní 2024 ilé ẹjọ́ sì rán bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan, sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ fún òbí kò wáyé rí ní Amẹ́ríkà lórí irú ọ̀ràn yìí. Bàbá ọmọ ti Georgia náà ni ìjọba gbé lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní òun ni ó fi ìbọn ta ọmọ lọ́rẹ.

Èwo nínú wa ni ó lè fi àwọn òbí náà ṣẹ̀sín? Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ òru mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán, tí ilé ìwé bá tẹ̀ wá láago, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé ọ̀gá kò ní jẹ́ kí a kúrò. Àwọn kan nínú wa sì ti ra ìbọn nítorí ẹ̀rù olè, abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n fi í sí. Àwọn ọdẹ wa nílé gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìbọn wà lókè àjà, ẹ̀tù wà níbòmíràn, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí àwọn amòye Amẹ́ríkà ń sọ lónìí kò ju èyíinì lọ: kí a kó ìbọn sínú àpótí irin, kí a tì í, kí a kó ọta rẹ̀ sí ibi ọ̀tọ̀, kí ọmọ má sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ọmọ yóò bá lọ sùn ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí a béèrè lọ́wọ́ òbí ibẹ̀ bóyá ìbọn wà nílé, kí a béèrè bí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ojú a máa tì wá láti béèrè. Ẹ jẹ́ kí ó tì wá.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ lórí òfófó. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ wa pé kí ó má ṣe òfófó, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n òfófó ni kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ kiri láti ba ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tí ó rí iná lórí òrùlé aládùúgbò tí ó sì ké, kò ṣe òfófó. Nínú ìwádìí mìíràn tí Secret Service gbé jáde ní 2021, wọ́n yẹ ète 67 wò tí a já kí ó tó ṣẹlẹ̀, láti 2006 sí 2018. Àwọn ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ wọn ni ó sábà máa ń tú àṣírí náà. Ní Colorado, ètò kan wà tí a ń pè ní Safe2Tell, tí ọmọ lè fi sọ ohun tí ó gbọ́ láì dárúkọ ara rẹ̀. A ti ní kí gbogbo ilé tí ó wà nínú ẹ̀ka wa wádìí irú ètò tí ó wà ní ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fi han ọmọ. Kí wọ́n sọ fún un pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, pàápàá fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tí ó bá fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí tẹlifóònù lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Kí a sì sọ òtítọ́, sísọ nìkan kò tó. Ní oṣù Kìíní 2018, ẹnì kan tẹ FBI láago nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ti Parkland. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ibi tí ó yẹ, ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ó ṣe ohun tí ó ṣe. Ní Uvalde, ọlọ́pàá tí ó dé ibẹ̀ ju 300 lọ, ṣùgbọ́n ó ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń kú sí. Ẹ̀ṣọ́ àti ilẹ̀kùn tí a tì dára, kò sí ẹni tí yóò ní kí a má ṣe wọ́n. Àárín òru ọ̀ràn ni wọ́n wà, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ni a ń wá. Ìdí nìyí tí a fi gbóríyìn fún àwọn ìpínlẹ̀ bíi Virginia, tí ó fi òfin dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwé, níbi tí olùkọ́, olùtọ́jú ọkàn àti ọlọ́pàá ti ń jókòó papọ̀ wo ọ̀ràn ọmọ tí ó bá ń halẹ̀, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Bí wọ́n bá pe òbí sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kí ó lọ, kí ó má bá wọn jà pé ọmọ òun kò lè ṣe irú rẹ̀.

Ó ku èyí tí ó kan ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí ọmọ bá ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tí kò jẹun, tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, àwọn kan nínú wa a máa fi pamọ́ nítorí kí ayé má baà gbọ́. Wọ́n ní ọ̀tá ni, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí àlùfáà. A kò ní kí wọ́n má gbàdúrà. A ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú. Àwọn mìíràn a sì fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ òfuurufú, wọn a rán an sí ìyá àgbà nílé, wọn kò ní í sọ ohunkóhun fún ìyá àgbà ju pé ọmọ náà ya aláìgbọràn lọ. Ẹ̀yin ìyá wa, bí wọ́n bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí ẹ tó na ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí ó jẹun, ẹ jẹ́ kí ó sùn, ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ti ẹnu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi sọ ọ́. Bí ohun tí ó sọ bá dẹ́rù bà yín, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì tẹ àwa ẹ̀ka láago ní ọjọ́ kan náà. Nọ́ńbà akọ̀wé wa wà lọ́wọ́ Alága.