Ilé Là Ń Wò: Gbígbé Ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Àárín Ojú Kọ̀ǹpútà

 

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí a bí sí Òkè Ọya níbí ní Python, èdè kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sí àárín terminal, ìyẹn fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, kí wọ́n sì fi ìràwọ̀ ṣe ọgbà yí i ká.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà, fèrèsé là ń wọ̀n kí a tó gbé ọ̀rọ̀ sí i. Láti ọdún 2012 tí Python 3.3 ti jáde ni àṣẹ shutil.get_terminal_size ti ń sọ iye lẹ́tà tí ìlà kan lè gbà. Bí kò bá rí ìwọ̀n kankan, 80 ni yóò mú. Iye òpó tó wà lára káàdì oníhò tí IBM gbé jáde ní ọdún 1928 náà nìyẹn.

Tiwa gba 80. Ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba 2, ó ku 78. A ó yọ iye lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà kúrò, a ó pín ìyókù sí méjì, a ó sì fi àlàfo dí ọ̀tún àti òsì. Àṣẹ center máa ń ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọ kọ WELCOME, ọgbà dúró ṣánṣán. Wọ́n kọ Ọjọ́ Ẹ̀kọ́, ìràwọ̀ apá ọ̀tún wọlé ní ààyè 3. Ọ̀kan nínú wọn ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, yóò tọ́.»

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Bí a bá yọ àmì, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ di ọ̀kan náà. Ṣé ọ̀rọ̀ wa ni ó jẹ̀bi, àbí ẹni tó ń kà á?

Ẹni tó ń kà á ni. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo ní nọ́ńbà, fún ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà dá ní nọ́ńbà, àmì ohùn tó gùn ún dá ní. Ojú rí ẹyọ 7 nínú Ọjọ́ Ẹ̀kọ́, pẹ̀lú àlàfo àárín. Center ka 10. Bí a bá tẹ àmì ìsàlẹ̀ náà lọ́tọ̀, yóò ka 14.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n kì í gba ìjókòó lọ́tọ̀ nínú mọ́tò. Àṣẹ unicodedata.combining ló ń dá ọmọ ẹ̀yìn mọ̀: bí ó bá mú òdo wá, lẹ́tà náà dá dúró, ẹ kà á, bí kì í bá ṣe òdo, ẹ fò ó. A ṣe bẹ́ẹ̀, a rí 7. A yọ 7 kúrò nínú 78, ó ku 71: àlàfo 35 sí òsì, 36 sí ọ̀tún. Ọgbà tọ́, àmì kankan kò sì sọnù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má pe iṣẹ́ yín ní parí títí ẹ ó fi fi orúkọ Yorùbá dán an wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín pẹ̀lú àmì, kí ọmọ lè mọ̀ pé àmì kì í ṣe àṣìṣe.