Òkè Gwoza àti Adágún Chad



Nígbà tí ọ̀nà ṣì dára, àwa oníṣòwò máa ń gbé ọjà láti Hausari lọ sí Gwoza àti Baga. Orí ẹrù là ń sùn. Ọkọ̀ ni ilé wa lóru. Ní Gwoza, a rí òkè Mandara, pẹ̀lú oko tí wọ́n fi òkúta tò ní ipele-ipele. Létí adágún Chad, a rí ẹyẹ omi rẹpẹtẹ àti màlúù Kuri, oníwo ràgàjì, tó mọ omi í wẹ̀.

Boko Haram gba Gwoza ní 2014. Ológun gbà á padà ní 2015. Àwọn ọmọ wa wá rò pé ìbọn nìkan ni Borno. Ẹ̀yin tí ẹ débẹ̀, ẹ wá ròyìn fún wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ mú fọ́tò dání.