Ẹ̀rí Tí Ń Bẹ Nínú Amọ̀ Ilé-Ifẹ̀



Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì rí iṣẹ́ amọ̀ àti idẹ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní ọwọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀. Amọ̀ náà ti dá a lóhùn.

Yanrìn wà nínú amọ̀, yuréníọ́mù díẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yuréníọ́mù a máa ta èérún tí ojú kò lè rí, bí ọta ìbọn. A sì máa dá ọgbẹ́ sí yanrìn lára lọ́dọọdún. Iná ńlá ní í pa ọgbẹ́ náà rẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí àwọn baba wa da idẹ gbígbóná lé amọ̀ ni kíkà tuntun bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tún yan díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò tan ìmọ́lẹ̀ fírífírí. Bí ọgbẹ́ ti pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó. Báyìí ni Willett àti Fleming ṣe ka ọjọ́ orí iṣẹ́ idẹ wa, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976: púpọ̀ nínú ti Ifẹ̀ bọ́ sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, kí Potogí tó dé etíkun wa, nígbà tí ayé Gíríìkì àtijọ́ ti kọjá tipẹ́.

Ẹni tí ó bá hú àwòrán amọ̀, kí ó má ṣe fi iná kàn án. Kí ó bu iyẹ̀pẹ̀ tí ó yí i ká pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa ẹlẹ́rìí wa.