Ilẹ̀ Tí Ń Ṣọ́ Omi
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ àti omi bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò

 

Ẹgbẹ́ ní kí àwa mẹ́rin tí a wà nínú ìgbìmọ̀ yìí wá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti omi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé kì í ṣe nítorí owó la ṣe dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ni? Kí ló wá kàn wá nípa odò? Ìbéèrè rẹ̀ dára, a kò sì bínú sí i. Ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ àwa fúnra wa la ó fi dá a lóhùn.

Ní abúlé kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọ ẹgbẹ́ kan wá yá owó láti ra ẹ̀rọ agégi. Ó ní onígbọ̀wọ́ méjì, owó tó ti dá sínú ẹgbẹ́ tó iye tó yẹ, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. A fọwọ́ sí i. Ó ra ẹ̀rọ náà, ó bá ìdílé kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì ta igi tó wà ní ojú ìsun omi abúlé náà fún un. Ìrókò wà níbẹ̀, arère wà níbẹ̀, àti àwọn igi mìíràn tí ọmọ ìsinsìnyí kò mọ orúkọ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà san gbèsè rẹ̀ kí àsìkò tó pé, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó ṣeé yá lówó ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì lẹ́yìn èyí, ìsun náà gbẹ. Àwọn àgbà tó wà ní abúlé yẹn kò rí i kí ó gbẹ rí. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tó wákàtí kan kí wọ́n tó rí omi pọn. Àwọn mọ́kànlá nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ti yá owó láti gbin ọmọ kòkó sínú ọ̀rá, omi ìsun yẹn ni wọ́n sì fi ń wọ́n ọn. Ọmọ kòkó wọn kú sínú ọ̀rá. Títí di òní, wọn kò tí ì san owó wọn tán. Bí ẹ bá ṣí ìwé ẹgbẹ́ wò, ẹ ó rí i pé ẹni tó gé igi jẹ́ ayáwó rere, àwọn mọ́kànlá yìí sì jẹ́ onígbèsè. Àwa tí a fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ náà la dúró níwájú yín yìí.

Ìdáhùn sí ìbéèrè arákùnrin wa nìyẹn. Odò ti wà nínú ìwé owó wa láti ọjọ́ pípẹ́, a kò kàn kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Àwọn kan tún bi wá pé, ṣé igi mélòó kan ló lè gbé omi dúró? Ẹ wọ inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò ro lẹ́yìn òjò, kí ẹ fi ọwọ́ wa ewé tó ti rà sílẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bíi kànrìnkàn. Òjò kì í bọ́ lu irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tààrà. Ewé ló kọ́kọ́ ń bà, yóò máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ yóò máa fà á mu, yóò gba ojú ọ̀nà tí gbòǹgbò ti là wọ ìsàlẹ̀ lọ, yóò sì máa sun jáde sínú odò jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ro kanlẹ̀, tí oòrùn ti sá ilẹ̀ gbẹ, òjò kan náà yóò sáré kọjá lójú ilẹ̀, yóò sì kó ọ̀rá ilẹ̀ wa lọ. Ìdí nìyí tí odò kan náà fi ń bo afárá ní oṣù keje, tí àwọn ọmọ wa sì ń fi igbá ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì. Erùpẹ̀ tó kó lọ kò sì ṣègbé, ibi tí omi bá ti dúró lòun náà ń dúró. Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn léèrè bí erùpẹ̀ ti ṣe adágún Ẹlẹ́yẹlé, èyí tí wọ́n sé sórí odò Ọ̀nà ní 1942.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ọmọ tó bá gbàgbé ilé la sábà ń pa òwe yìí fún. Lónìí, odò gan-an là ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a mú odò kan tí gbogbo wa mọ̀. Odò Ọ̀ṣun ti apá Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì wá, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé Aṣẹ́jìrẹ́ níbi tí wọ́n ti sé e kí Ìbàdàn lè rí omi mu, kí ó tó lọ dà sínú ọ̀sà ní apá Lẹ́kí. Ní Òṣogbo ni igbó Ọ̀ṣun wà létí rẹ̀. A kò wá síbí láti wàásù òrìṣà fún ẹnikẹ́ni. Mùsùlùmí wà nínú ìgbìmọ̀ wa, onígbàgbọ́ sì wà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni bí àwọn ènìyàn ṣe gba ilẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Ní àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, èèwọ̀ tí àwọn baba fi ń ṣọ́ igbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹpẹrẹ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1950 sókè, àwọn kan ń gé igi níbẹ̀, àwọn kan ń dẹ ìgbẹ́, wọ́n ń pẹja nínú omi tí a kì í pẹja rẹ̀, ojú àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwọn ará Òṣogbo wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dìde pẹ̀lú àwọn olórìṣà ìlú náà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, Àtáọ́ja sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n tún ojúbọ tó ti wó kọ́, wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ère ńláńlá sínú igbó, wọ́n sì dojú kọ àwọn tó fẹ́ ta á. Lójú tiwa, ọgbọ́n ńlá ni ère wọ̀nyẹn. Ilẹ̀ tó dà bí ẹni pé kò ní olówó ló máa ń yá àwọn ènìyàn lára láti tà, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ báyìí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀ olówó ni. Ní 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ ààlà náà títí ó fi kan gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO fi í sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Àdùnní kú sí Òṣogbo ní 2009. Oríṣi ewéko tó wà nínú igbó náà lé ní 400, èyí tí a mọ̀ pé ó ń ṣe oògùn nínú wọn sì lé ní 200.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá kàn sọ pé ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Kò parí síbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun pọ́n, ó dà bí omi àmọ̀. Àwọn tó yẹ omi náà wò rí òjé àti mercury nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2022, tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lọ́nà, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n má mu omi odò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Igi igbó wà níbẹ̀, ère wà níbẹ̀, ààlà wà níbẹ̀. Òkè ni omi ti bàjẹ́ wá. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí púpọ̀ nínú wọn kò gba ìwé àṣẹ, ń gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, wọ́n ń fi omi fọ ọ́, wọ́n sì ń da ẹrẹ̀ rẹ̀ padà sínú ìṣàn. A ní ẹni da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ti odò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lókè ló ń da omi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń tẹ ẹrẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ìka tọ́ àwọn awakùsà nìkan. Àwa àgbẹ̀ náà wà lókè ẹlòmíràn. Ta ni nínú wa tí kò fọ páǹpù tó fi fín kòkó sínú odò rí? Agolo oògùn tó ṣófo, ibo la ń jù ú sí? Ẹ rántí Gammalin 20 tí a fi ń pa kòkòrò lára kòkó. Àwọn kan gbé e kúrò lóko, wọ́n dà á sódò láti fi pa ẹja, wọ́n sì tà á fún wa lọ́jà. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fẹnu kò pé kí lindane, tíí ṣe májèlé inú rẹ̀, kúrò nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ bojú wo inú àká yín bí ẹ bá délé. Bí ògbólógbòó agolo rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má da á nù, ẹ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.

Èwo ni ṣíṣe, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ìsun omi máa ń ní olówó, tí ebi sì lè pa olówó náà lọ́la? Ní Ìlú Ọba, ní 1895, Octavia Hill àti Robert Hunter pẹ̀lú àlùfáà kan, Hardwicke Rawnsley, dá ẹgbẹ́ National Trust sílẹ̀, kí ó máa gba ilẹ̀ tó níye lórí sí ìkáwọ́ nítorí gbogbo ènìyàn. Obìnrin kan ló fi ilẹ̀ àkọ́kọ́ ta wọ́n lọ́rẹ, ní ilẹ̀ Wales. Ní 1907, ilé aṣòfin fún wọn lágbára pé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti kéde pé kò ṣeé tà, kò ṣeé tà mọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé a fẹ́ yin òyìnbó. Ilẹ̀ tí kò ṣeé tà kì í ṣe àjèjì sí wa, torí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ìdílé ṣe rí kí owó tó dé. Ohun tí a kò ní mọ́ ni ẹni tí yóò jókòó lé e lórí nígbà tí oníbàárà bá kó owó wá ní òru.

A rò pé ẹgbẹ́ wa lè jẹ́ ẹni náà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀tọ́ ìlò lọ́wọ́ ìdílé tó ti wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a bá sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin jẹ́ ẹnìkan lójú òfin. Ó lè gba ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì lè pẹjọ́ lórí rẹ̀. Bí alága kú, ẹgbẹ́ kò kú. Nítorí náà, a ń bẹ yín pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ìsun omi kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbójú lé, kí ó bá ìdílé tó ni ín jókòó, kí wọ́n fi ilẹ̀ ojú ìsun náà sí ìkáwọ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìwé tí amòfin ti wò. Ìdílé yóò máa ṣa igi gbígbẹ níbẹ̀, wọn yóò máa já ewé, wọn yóò máa kó ìgbín. Wọn kò ní gé igi tútù, ẹgbẹ́ kò sì ní tà á. Kí a má baà gbẹ́kẹ̀ lé ìwà rere àwa olóyè nìkan, baálẹ̀ àti olórí ìdílé yóò fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú wa. Láti òní lọ, a tún fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa béèrè ibi tí igi wà kí wọ́n tó yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀rọ agégi.

A kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú àbá yìí pé kí gbogbo ẹni tó ń dáko létí odò fi ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a ka á fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, ìyá kan dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin ti gé igi òkè tán, ẹ wá rí àkùrọ̀ wa gbà.” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A padà lọ tún àbá náà ṣe. Lórí àkùrọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí, ẹni tó ni ín sì lè gbin ọ̀gọ̀rọ̀ sí i, tàbí ewé eéran tí àwọn ọlọ́mọ́ínmọ́ín ń rà. Níbi oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ṣì ni. A mọ̀ pé ẹni tí oko rẹ̀ kéré yóò pàdánù nínú rẹ̀. A dá a lábàá pé kí a yọ díẹ̀ nínú èrè ọdún fún irú wọn, ẹ̀yin lẹ ó sì sọ iye tó yẹ.

Àbá náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin wà níbẹ̀ kí ẹ tó dìbò. Ìpàdé mẹ́ta oṣù tó ń bọ̀ la ó ti gba èsì yín. Ní ti abúlé tí a sọ ìtàn rẹ̀, ìdílé tó ta igi ti gbà kí a gbin òmíràn síbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ agégi sì ti ní òun yóò wá bá wa gbẹ́ ihò. Àwọn mọ́kànlá yẹn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọdún kan kún àsìkò owó wọn. Alága, ọ̀rọ̀ tiwọn ni a fẹ́ kí ìpàdé kọ́kọ́ mú.