Nígbà Tí Eyín Àgbà Kò Bá Hù: Ohun Tó Ṣeé Ṣe àti Ìgbà Tó Yẹ Kí A Ṣe É

 Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn tí wọ́n bí láìní eyín àgbà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe eyín tó jẹrà ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ, kì í ṣe èyí tí bọ́ọ̀lù gbá dànù. Eyín tí kò fìgbà kan wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni.

Ogún ni eyín ọmọdé, 32 sì ni ti àgbà. Àwọn mẹ́rin tó máa ń hù kẹ́yìn, lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní wọn pé, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Nínú 28 tó kù, ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé nǹkan bí èèyàn mẹ́fà nínú 100 ni ó kéré tán ẹyọ kan kò sí lẹ́nu wọn, àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ díẹ̀ nínú wọn. Èyí tí kì í sábà sí jù lọ ni eyín kejì ṣáájú àwọn eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ, pàápàá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eyín kékeré tó fẹ̀gbẹ́ ti eyín ọ̀kánkán méjì tòkè.

Nígbà tí a wà ní kékeré, orí òrùlé là ń ju eyín tó bá yọ sí, a sì ń ṣọ́ra kí alángbá má baà rí i, kí tuntun má baà kọ̀ láti hù. Eré ọmọdé ni, n kò ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi na ọmọ tí eyín rẹ̀ kò hù lẹ́gba ọ̀rọ̀. Èso eyín kékeré iwájú tòkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú egungun kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ti eyín kejì ṣáájú àwọn eyín ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ ọdún méje bá fi ju eyín sórí òrùlé, ọ̀rọ̀ ti parí tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a yé bi ìyá léèrè ohun tó jẹ nígbà oyún. Láti ọdún 1996 tí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n ń pè ní MSX1 lè fa irú èyí nínú ìdílé kan, wọ́n ti rí àwọn mìíràn, PAX9 àti WNT10A wà lára wọn. Ó lè wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ó lè wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bàbá lè ṣe aláìní ẹyọ kan, kí ọmọ rẹ̀ ṣe aláìní mẹ́rin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi jù lọ ni pé ìtọ́jú àìní eyín yìí, àsìkò ló ni ín. Ohun tí òbí bá ṣe nígbà tí ọmọ wà ní ọdún mẹ́jọ sí méjìlá ló ń pinnu ohun tí dókítà lè ṣe nígbà tó bá di géńdé. Ẹ máa ka eyín ọmọ yín. Bí eyín kan bá ti hù lápá ọ̀tún, tí oṣù mẹ́fà sì kọjá tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lápá òsì kò yọjú, ẹ mú ọmọ lọ fún X-ray. Òun nìkan ló lè sọ bóyá eyín náà fara pamọ́ ni tàbí kò sí rárá.

Bí kò bá sí, ẹ má yọ eyín ọmọdé tó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà eyín ti ṣètò ohun tó kàn. Èyí ni mo rí tí wọ́n ń ṣe jù, òun ló sì ń dùn mí jù. Àwọn èèyàn á ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò yẹ kó ṣì ní eyín ọmọdé, wọ́n á fà á yọ. Eyín ọmọdé tí kò ní àrọ́pò lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kì í tètè yọ́. Bí kò bá kẹ̀, tí kò sì rì sísàlẹ̀ àwọn yòókù, ó lè bá ẹni náà dé ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa lọ ẹran àti àgbàdo sísun. Bí ẹ bá yọ ọ́, egungun ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tinrín.

Ti iwájú lókè ṣòro díẹ̀, nítorí ojú ayé ló wà. Bí eyín kékeré méjèèjì kò bá sí, àwọn eyín ọ̀kánkán lè sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, kí èjí là láàárín. Àwa sì rèé, a fẹ́ràn èjí! Bí olúwa rẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀, tó ń jẹun dáadáa, kò sí òfin tó ní kó dí i. Bí ó bá fẹ́ kí àlàfo náà lọ, dókítà lè fi wáyà fa eyín ṣóńṣó wá sí àyè eyín tí kò sí, kó sì fi ohun èlò funfun tí wọ́n fi ń dí eyín tún un ṣe kó jọ ti iwájú. Ó sì lè fi wáyà la àyè náà kó pé, kó wá fi eyín àtọwọ́dá sí i.

Èmi a máa gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lo eyín àtọwọ́dá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí kò gba kí a gé eyín tó yè kooro. Kí ẹni tó ní in má ṣe fi í fọ́ obì àti orógbó. Eyín àtọwọ́dá tí à ń bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ni owó rẹ̀ kéré jù, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, bí a bá ń fọ̀ ọ́, tí a sì ń bọ́ ọ sùn.

Implant, ìṣó kékeré tí wọ́n fi titanium ṣe tí wọ́n ń rì sínú egungun, ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ó dára lóòótọ́. Ní Gothenburg lórílẹ̀-èdè Sweden, ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Brånemark fi mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Gösta Larsson, ọkùnrin tí wọ́n bí àbùkù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó lò wọ́n fún ogójì ọdún, títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Eyín tiwa ń bá egungun rìn bó ṣe ń gùn. Implant kì í rìn. Ẹ fi sí ẹnu ọmọ ọdún mẹ́tàlá lókè, nígbà tó bá pé ogún ọdún, àwọn eyín yòókù á ti sọ̀ kalẹ̀, tirẹ̀ á dá dúró lókè. Ẹ ní sùúrù títí ìdàgbà á fi dúró, ní nǹkan bí ọdún 18 sí 21.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ díẹ̀ kan. Eyín wọn kéré níye gan-an, ìwọ̀nba tó hù rí ṣóńṣó, irun orí wọn fẹ́lẹ́, wọn kì í sì í làágùn. Ectodermal dysplasia ni wọ́n ń pè é. Nínú oòrùn wa yìí, àìlàágùn lè mú kí ara wọn gbóná débi ewu, kí a sì máa rò pé ibà ni. Omi, aṣọ tútù àti ibòji ṣe pàtàkì fún wọn ju eyín lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo eyín àtọwọ́dá láti ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ ti lè gbọ́ nípa oògùn tó ń mú eyín hù. Òótọ́ ni pé ní 2024, ní Kyoto ní Japan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn kan tó ń dí ohun tí wọ́n ń pè ní USAG-1 wò lára àwọn àgbà ọkùnrin, láti mọ̀ bóyá kò léwu. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń tà á fún yín ní Sábó Ìkòròdú tàbí lójú omi Ẹ̀pẹ́, irọ́ ló ń pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Wáyà eyín sábà máa ń gbà tó ọdún méjì, èèyàn á sì máa padà sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gba onímọ̀ àkànṣe, Ìdí-Àràbà ni ilé ìwòsàn ńlá LUTH wà, Ìkẹjà ni ti LASUTH wà. Ẹni tó ń ti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtóìkín lọ sí Ìkẹjà pẹ̀lú ọmọ ilé ìwé, odindi ọjọ́ kan ló fi sílẹ̀ yẹn. Wáyà tí a pa tì láàárín ọ̀nà lè ba ẹnu jẹ́ ju àlàfo tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà níbi tí ẹ ń gbé àti iye tí ẹ lè ná kó tó yan ìtọ́jú. Ẹ sì bá mi béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wa pé kí ọjọ́ kan wà lóṣooṣù tí àwọn onímọ̀ wáyà eyín á máa gbàlejò ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú.

Bí X-ray bá sì fi hàn pé ọmọ kan kò ní eyín kan, ẹ mú àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀ náà wá fún àyẹ̀wò, kí èyí tó kéré jù tó pé ọdún mẹ́sàn-án.