Àgbo inú ìgò

Nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò àgbo kò fi hàn pé àgbo náà ń wo àrùn. Lára ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ wò. Mo máa ń bèèrè ewé àti egbò inú rẹ̀. Alágbo tí kò bá lè dáhùn, n kì í ra tirẹ̀.

Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí ó tún ń mu omi ewúro, kí ó sọ fún dókítà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Àwọn kan nínú wa a máa fi í pamọ́. Ewúro ọbẹ̀ ha di awo bí?